Báwo ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ ṣe lè dúró lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ girama, kí ó sì bọ́ sí ipò rẹ̀ nínú àròkọ?

Olùkọ́ Kíláàsì Òkè béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún méjì tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ kan sì ti ń dà mí láàmú láti ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ 30 sójú pátákó pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, àwọn ọmọ á dà wọ́n kọ, wọ́n á há wọn sórí, n ó sì dán wọn wò ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń gba máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà bi wọ́n léèrè nípa àwọn ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí bí ẹni pé a kò sọ irú rẹ̀ rí.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí mo ń rí nínú àròkọ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbìyànjú gidigidi kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé "My grandmother is very obsolete." Ìtumọ̀ tí mo kọ síwájú "obsolete" ní ọjọ́ Ajé ni "old, no longer used"; ọmọ náà mú "old" nínú rẹ̀, ó sì gbé e lé ìyá rẹ̀ àgbà lórí. Òmíràn kọ ọ́ pé òun "procured a cold", nítorí pé mo ti sọ fún un pé "get" ni "procure" túmọ̀ sí. Mi ò lè bá wọn wí, torí pé ohun tí mo kọ́ wọn gan-an ni wọ́n lò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n lè ka ìwé tó le láìkọsẹ̀, kí wọ́n sì lè kọ èrò ọkàn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú. Ṣé ọ̀rọ̀ 30 ló pọ̀ jù ni, àbí bí mo ṣe ń yàn wọ́n ni kò dára, àbí ọ̀nà tí mo gbà ń kọ́ wọn ló ní àléébù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Olùkọ́ fèsì:

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, irú àròkọ tí ẹ ń sọ yìí sì kọjá lọ́wọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ 30 pọ̀ jù, ṣùgbọ́n pípọ̀ rẹ̀ kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ìtumọ̀ nìkan ni ẹ ń fún àwọn ọmọ, ẹ kò fi àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bá rìn hàn wọ́n.

Ẹ wo èdè Yorùbá tó ti mọ́ wa lára. Àwa a máa pa àlọ́, a máa pa òwe, a máa pa àṣẹ, a sì máa pa irọ́. Bí àjèjì kan bá kà á nínú ìwé pé "pa" túmọ̀ sí kí a gba ẹ̀mí nǹkan, tí kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni yóò fi àlọ́ ṣe? Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa ní èyí. Ẹnu àwọn àgbà ni a ti ń gbọ́ "pa" àti "àlọ́" pọ̀ títí tí méjèèjì fi di ọ̀kan létí wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gẹ̀ẹ́sì rí. "Commit" ló ń bá "crime" rìn, ẹnikẹ́ni tó bá kọ "do a crime" ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò dún dáadáa bí ó bá ti gbọ́ èyí tó tọ̀nà tó. J. R. Firth, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ ọ́ láti 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń kó ni a ó fi mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́.

Ẹ wá mú "obsolete" tí ẹ dárúkọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni "machine", "weapon", "method", "law" àti "word", ìyẹn àwọn ohun tí ọmọ ènìyàn ṣe tàbí tí ó gbé kalẹ̀, tí ó lò fún ìgbà kan, tí òmíràn sì ti wá gba ipò wọn. Ènìyàn kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ká ní ọmọ náà ti rí mẹ́ta péré nínú wọn kí ó tó jókòó kọ̀wé, kò ní fi ọ̀rọ̀ náà kan ìyá rẹ̀ àgbà. Ní ti "procure", ohun tí ènìyàn wá tipátipá ni ó wà fún, ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ju ọ̀rọ̀ ilé lọ: "procure equipment", "procure funds". Òtútù tó mú ènìyàn láìròtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá kiri.

Nípa yíyan ọ̀rọ̀, ọ̀nà kan wà tí ó là mí lójú púpọ̀. Isabel Beck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pín ọ̀rọ̀ sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìn-ín-ní ni àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ìpele kẹta ni àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, bí "photosynthesis" tàbí "isotope". Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, nítorí pé inú ẹ̀kọ́ wọn ni ìtumọ̀ wọn wà. Àárín méjèèjì ni oko tiwa: "reluctant", "consequence", "undermine", "maintain", àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé nínú ìtàn, nínú ìwé ìròyìn àti nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìjọba bákan náà, ṣùgbọ́n tí wọn kì í jáde lẹ́nu ènìyàn nígbà tí a bá ń tàkurọ̀sọ.

Bí ẹ bá fẹ́ àkójọ tó ṣeé gbára lé, Averil Coxhead, tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní New Zealand, gbé ọ̀kan jáde ní 2000 lẹ́yìn tí ó ti yẹ ìwé ẹ̀kọ́ gíga tí àpapọ̀ ọ̀rọ̀ inú wọn tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ wò. Ó kọ́kọ́ yọ nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, tí Michael West ti kó jọ ní 1953, kúrò. Ẹbí ọ̀rọ̀ 570 (ẹbí kan ni ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn tó yọ láti ara rẹ̀, bí "analyse" àti "analysis") ni ó wá kó jọ nínú èyí tó kù, bí "analyse", "assume", "derive" àti "interpret". Ìwọ̀nba 570 yìí nìkan ló kó nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọ̀rọ̀ inú àwọn ìwé tí ó yẹ̀ wò. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọmọ tó há "pulchritude" sórí, tí kò sì lè lo "whereas" níbi tó yẹ.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ́sẹ̀, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ sì mú wọn láti inú àyọkà tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ jọ kà, kí wọ́n lè kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ náà pàdé lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Ìwé fèsì:

Ìyá Olùkọ́ ti sọ̀rọ̀, a dúpẹ́, mà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí olùkọ́ wa mẹ́nu bà, nítorí pé ìgbàgbé yẹn kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ.

Ní 1885, Hermann Ebbinghaus ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Sílébù tí kò ní ìtumọ̀ ni ó ń há sórí, tí ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí, àti lẹ́yìn ọjọ́. Ó rí i pé kíákíá ni ìgbàgbé ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ó sì tún rí i pé kí a pín àtúnsọ káàkiri ọjọ́ púpọ̀ sàn ju kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì ni àwọn ọmọ ń há ọ̀rọ̀ sórí, lẹ́yìn èyí ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀ mọ́. Ibi tí ìgbàgbé ti lágbára jù gan-an ni a ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí ìdánwò ọjọ́ Ẹtì ní ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti ti oṣù tó kọjá nínú. Ìyẹn nìkan yóò yí nǹkan padà ju ohunkóhun mìíràn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní páálí kéékèèké àti àpótí tó ní ìpín márùn-ún. Sebastian Leitner, akọ̀ròyìn kan tó ń kọ̀wé lédè Jámánì, ló ṣàlàyé ètò yìí ní 1972: páálí tí ọmọ bá dáhùn rẹ̀ dáadáa yóò kọjá sí ìpín tó kàn, tí a kì í tètè padà yẹ̀ wò, èyí tí ó bá ṣì yóò padà sí ìpín kìn-ín-ní, kí ó lè rí i ní ọ̀la. Àwọn tó ní fóònù lè lo áàpù páálí tí wọ́n ń pè ní Anki, tó ti wà láti 2006, tí yóò máa ka ọjọ́ fún wọn.

Ohun kan ṣe pàtàkì níbí o. Kí ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sí ojú páálí kan, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé ẹ óò tún padà sínú kòtò "obsolete" nìyẹn. Ojú páálí ni kí gbólóhùn tó ní àlàfo wà, bí àpẹẹrẹ "The new law made the old forms ______". Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ náà wà pẹ̀lú méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ sì ronú kan ìdáhùn kí ó tó yí páálí padà. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn olùwádìí nípa ìrántí, fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tún àyọkà kà léraléra ló ṣe dáadáa jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé ni wọ́n rántí púpọ̀ jù. Ìdí nìyí tí kíkà lákàtúnkà fi ń tan àwọn ọmọ jẹ: ó ń fún wọn ní ìdánilójú ní alẹ́, ó sì ń já wọn kulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀ fèsì:

Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ "kọ́" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ "ẹ̀kọ́", "olùkọ́" àti "akẹ́kọ̀ọ́" ná. Ọgbọ́n yìí kan náà ṣiṣẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Látìn àti Gíríìkì ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ńláńlá rẹ̀ ti wá. "Dict" ní í ṣe pẹ̀lú sísọ̀rọ̀: "predict" ni kí a sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀, "contradict" ni kí a sọ òdì sí ohun tí ẹlòmíràn sọ, "dictate" ni kí a máa sọ kí ẹlòmíràn máa kọ. "Bene" jẹ́ rere, "mal" jẹ́ búburú, "vol" jẹ́ ìfẹ́ inú. Ọmọ tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè tú "benevolent" àti "malevolent" palẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìtàn èdè náà sì tún ń ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àròkọ àwọn ọmọ yìí. Nígbà tí William ti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé ni èdè tí àwọn aláṣẹ ń sọ, Látìn ni àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ, àwọn mẹ̀kúnnù sì ń bá Gẹ̀ẹ́sì tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta fi máa ń wà fún ohun kan, tí agbára wọn kò sì dọ́gba. "Ask" jẹ́ ti ìpìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdé lè lò ó. "Question" wá láti inú Faransé, ó le díẹ̀. "Interrogate" wá láti inú Látìn, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ló sì máa ń wá síni lọ́kàn bí a bá gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "I interrogated my mother about dinner" mọ ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀. Ẹ máa to irú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò báyìí lẹ́sẹẹsẹ fún wọn.

Ìyá Olùkọ́ fèsì:

Mo fara mọ́ ti ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá, ẹ ṣeun. Ní ti ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ kékeré, nítorí pé mo ti rí i kí ó ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. "In-" máa ń sọ ọ̀rọ̀ di òdì, ṣùgbọ́n "inflammable" àti "flammable" jọ túmọ̀ sí ohun tó tètè ń gbiná ni, àṣìṣe lórí ìyẹn sì lè ṣekú pani. "Invaluable" kì í ṣe ohun tí kò níye lórí; iye rẹ̀ ló ga kọjá díwọ̀n. "Outrage" kò sì ní "rage" nínú rẹ̀ rárá, inú ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí kíkọjá ààlà ni ó ti wá. Kí àwọn ọmọ fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ rántí ohun tí wọ́n ti mọ̀, kí wọ́n sì fi ṣe àbá nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá yé wọn. Ìwé atúmọ̀-èdè àti gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ náà ká ni yóò sọ bóyá àbá náà tọ̀nà.

Òbí Akẹ́kọ̀ọ́ fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ irú ìwé atúmọ̀-èdè tí wọn yóò lò. Èyí tí a ṣe fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí wọn ni ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ ń lò, ọ̀rọ̀ tó le ni ó sì fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó le. Ìgbà tí a bọ́ sí irú èyí tí a dìídì ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè, bí irú èyí tí A. S. Hornby bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ni ní ilẹ̀ Japan, tí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 1942, ni ojú rẹ̀ tó là: ìtumọ̀ rẹ̀ rọrùn, ó ní gbólóhùn àpẹẹrẹ, ó sì ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì tàbí ti ilé. Mo sì ti gba ìwé tó ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, nítorí ńṣe ló ń mú èyí tó gùn jù nínú wọn.

Olùkọ́ Kíláàsì Òkè fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti dín ọ̀rọ̀ náà kù sí mẹ́jọ, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ti ẹ̀yìn kún ìdánwò. Ohun méjì ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Bí a bá ní ọ̀sẹ̀ 30 lọ́dún, ọ̀rọ̀ 240 péré ni n ó kọ́ wọn, ọdún méjì kò sì ní mú un kọjá 480. Ṣé ìyẹn tó? Àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù nínú wọn sì ń ráhùn pé mo ti dẹ́kun fífún wọn ní "ọ̀rọ̀ ńlá".

Ìyá Olùkọ́ fèsì:

Kò tó, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni yóò sì mú un tó. Paul Nation, onímọ̀ nípa kíkọ́ ọ̀rọ̀ èdè ní New Zealand, ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìtàn àti ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìrànlọ́wọ́, tí yóò fi mọ ọ̀rọ̀ 98 nínú ọgọ́rùn-ún, nílò ẹbí ọ̀rọ̀ bí 8,000 sí 9,000. Kò sí kíláàsì kan tó lè kọ́ni ní iye yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé kíkà ni yóò kó wọn wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ 480 yín wà fún ni láti fi kọ́ ojú wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n máa wò lára ọ̀rọ̀ tuntun nígbà tí ẹ kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: àwọn wo ló ń bá rìn, níbo ni a ti ń lò ó, ta ni ó dùn lẹ́nu rẹ̀? Nítorí náà, ẹ ya ogún ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún kíkà láìsí ìdánwò lẹ́yìn rẹ̀, kí olúkúlùkù sì ka ìwé tó bá agbára rẹ̀ mu. Bí ọ̀rọ̀ àjèjì bá ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìwé náà ṣì le jù fún ọmọ yẹn, ẹ bá a wá òmíràn.

Ní ti àwọn tó ń ráhùn, ẹ sọ fún wọn pé ìdánwò SAT tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó wọ yunifásítì pàápàá yí padà ní 2016: ó fi àwọn ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n tí àwọn ọmọ ń há sórí tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó sì dojú ìbéèrè kọ ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ibi tí a ti lò ó bá ṣe rí. Ẹ fún wọn ní "qualify" àti "sanction". "Sanction" lè jẹ́ ìyọ̀ǹda, ó sì lè jẹ́ ìjìyà, gbólóhùn nìkan ló ń fi èyí tó jẹ́ hàn. Iṣẹ́ tó tó ọmọ tó mọ̀wé ni ìyẹn.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín nípa ọmọ tó kọ̀wé nípa ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ má fi bírò pupa pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ bi í pé kí ni ìyá àgbà náà ṣì ń lò tí kò sí ẹlòmíràn tó ń lò ó mọ́, kí ó sì tún gbólóhùn náà kọ.

Olùkọ́ Kíláàsì Òkè fèsì:

Mà, mo bi í ní àná. Ó ronú fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "My grandmother still types her letters on an obsolete machine, and she refuses to give it up." Mo ní kí ó kà á sókè fún gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mìíràn na ọwọ́ sókè, ó ní ṣé a lè sọ pé àṣà kan jẹ́ "obsolete", nígbà tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó ń dá àṣà náà. Ìdajì wákàtí ni a fi jiyàn lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méje yòókù sì di ti ọ̀la.